Ilé Ìwòran ní Onírèké

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógójì. Mo kà á lónìí nígbà tí Ṣàmsúdéènì, awakọ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ń pọn Màámi sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ òsì wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ là ń ṣe é. Àgbówó là ń gbé, àjà kẹta. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n fi ojú pamọ́ sẹ́yìn ọkùnrin náà bí ọmọdé.

"Fáìzàh, gbé mi lọ sílé mi."

Ilé wọn. Ilé Bàbá ní Onírèké. Ilé Ìwòran ni mo ń pè é, torí ká máa wò ó láti ìta ni gbogbo ogún tí a jẹ níbẹ̀. Kò ní àtẹ̀gùn kankan. Ọdún kẹrin rèé tí Bàbá ti kú, àgádágodo ló wà lẹ́nu géètì. Ìwé ìhágún ní a ò gbọdọ̀ tà á, a ò gbọdọ̀ fi háyà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ àfi tí ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fọwọ́ sí i — ìyàwó mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta. Àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ló ta ilé baba tiwọn kí ogójì ọjọ́ tó pé. Bàbá ò gbàgbé.

Mo ti wá yàrá ìsàlẹ̀ níbòmíràn. Onílé méjì rí Màámi nínú mọ́tò, wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíràn.

Ìbuwọ́lùwé ìdí-igi tiwa ti wà nílẹ̀. Ó ku méjì. Mo fún ara mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Òkè Àdó, lọ́dọ̀ Àlàájà Àbẹ̀ḿbí, ìyáálé Màámi. Mo ti tẹ gbogbo àlàyé sójú ìwé kan. Mo kúnlẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Wọ́n ní irú ìkúnlẹ̀ wo nìyẹn, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní kò sáyè. Wọ́n ní kí n jẹun kí àyè lè wà.

Mo jẹ ẹ̀wà. Wọ́n fọwọ́ sí i láìka ohun tí mo tẹ̀. "Ìyàwó mi ni. Ta ló ń gbé ìyàwó mi sórí òkè?"

Ó ku ọ̀kan.

Àlàmísì, 10

Àdúgbò Challenge, lọ́dọ̀ Bọ̀dá Abdulhafeez — ọmọ ìyàwó kejì tó ti dolóògbé, àrẹ̀mọ Bàbá. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bọ̀dá Ṣe-Sùúrù ni mo ń pè wọ́n. Wọ́n ń to táìlì ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò gbójú sókè. Àwọn á bá àwọn àbúrò wọn sọ ọ́. Kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. "Ilé ò ní sá lọ."

Mo ní Màámi lè lọ.

Wọ́n gbé táìlì mìíràn. Wọn ò kọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́.

Àbámẹ́ta, 12

Mi ò lè jókòó lásán. Mo mú Gbọ́láhàn lọ sí Onírèké, a jọ kàwé, ajẹ́ǹtì ilé ni báyìí. Ó fi téépù wọn fẹ́ǹsì láti ìta, ó ya fọ́tò. Ilé-ẹ̀kọ́ òwò kọ́ mi: ohun tó ò mọ iye rẹ̀, o ò lè dúnàádúrà lé e lórí. Bí Bọ̀dá bá kọ̀, mo fẹ́ mọ ibi tí mo dúró.

Ó ní ṣé a fẹ́ tà á ni. Mo ní rárá.

Ó sọ iye tó lè pa. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo rò ó títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ọ̀dà pupa lára fẹ́ǹsì. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. ẸNI TÓ BÁ RÀ Á RA ẸJỌ́. Kò tíì gbẹ. Obìnrin tó ń ta káàdì ìpè lódìkejì ló rí téépù, òun ló pe Bọ̀dá.

Mo pè wọ́n. Wọn ò gbé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Wọn ò gbé e.

Jímọ̀, 18

Ìpàdé ẹbí ní Òkè Àdó lẹ́yìn ìrun. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ìyá rẹ ń ṣàìsàn, o lọ mú téépù. Ṣé téépù ni wọ́n fi ń wo rọpárọsẹ̀ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Mo ní mo kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni.

Wọ́n ní, bí ẹnìkan bá kó iye yẹn wá lọ́la, ṣé mi ò ní ní ká tà á?

Mo la ẹnu. Èmi tí mo máa ń yára. Irọ́ náà ò tètè jáde.

Gbogbo wọn rí i.

Àìkú, 20

Màámi ò sọ̀ kalẹ̀ lánàá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ jẹ́ ẹrù lẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣàmsúdéènì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí, ó lọ.

Bàbá, ẹ mọ̀ mí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Èmi lẹ ti àgádágodo yẹn mọ́. Mo fẹ́ràn ilé náà, mo kórìíra rẹ̀, mo sì mọ iye tó máa pa.

Ọjọ́rú, 23

Àlàájà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti yanjú rẹ̀ láìsí mi. Àlàájà fúnra wọn á padà sí Onírèké, àwọn àti Màámi á jọ máa gbé. Bọ̀dá á fọwọ́ sí i bí èmi bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé tèmi: mi ò ní mú kọ́kọ́rọ́, mi ò ní sùn níbẹ̀, mi ò ní mú àlejò wọbẹ̀.

"Ọmọ mi ni ẹ́," Àlàájà ní. "Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ yá jù."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ibi tí mo ti lè dúnàádúrà, ìlà kejì, ìlà kẹrin.

Mo fọwọ́ sí i bó ṣe wà.

Àbámẹ́ta, 26

A kó Màámi lọ. Láti ẹnu mọ́tò dé ẹnu ilẹ̀kùn, ọ̀pá ni wọ́n fi rìn, ẹnikẹ́ni ò pọ̀n wọ́n. Bọ̀dá dúró lẹ́nu géètì. Wọn ò ní kí n má wọlé. Wọn ò ní kí n wọlé. Mo jókòó sínú mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, 28

Màámi pè. Àwọn ti fẹsẹ̀ ara wọn dé ilé ìdáná. Àlàájà ń bá wọn jà nítorí iyọ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì.

Màámi ní wọ́n ti gbá yàrá ẹ̀yìn fún mi. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni mò ń kó bọ̀; kò sẹ́ni tó sọ ti ìwé náà fún wọn.

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ díẹ̀.

Wọ́n ní kò burú, àwọn ò ní ti ilẹ̀kùn.