Ọmọ Mọ́kànlá Nínú Bọ́ọ̀sì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá

Wọ́n ti dá bọ́ọ̀sì dúró. Mo lọ fọwọ́ sí ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé àdúgbò wa, ibẹ̀ ni mo ti rí ìkéde náà lára ògiri. Kò ní sí ọkọ̀ mọ́ fún àwọn ọmọ òdìkejì odò. Ìdí: àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ò tó nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ìwé mìíràn, ó ń dán yinrin: wọ́n fẹ́ ṣe pápá ìṣeré tuntun sẹ́yìn ilé-ìwé. Koríko oníke ni wọ́n máa tẹ́ sí i. Koríko tí ewúrẹ́ ò lè jẹ!

Ọdún méjìlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì yẹn. Arúgbó ni mo sọ ọ́, nígbà tí èmi fúnra mi ṣì jẹ́ géńdé. Oṣù keje tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Mo dúró síwájú ògiri yẹn títí akọ̀wé ọ́fíìsì fi béèrè bóyá mo ń dúró de ẹnì kan. Mo ní rárá.

Òótọ́ sì ni. Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Òjò. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ń ta búrẹ́dì. "Ẹ kú òjò." "Ẹ kú òjò o." Ó parí síbẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Mo jí ní ìdájí, bí mo ṣe máa ń jí nígbà iṣẹ́. Ara ò mọ̀ pé a ti fẹ̀yìn tì. Mo wọ bàtà, mo rìn dé orí afárá odò.

Ẹsẹ̀ làwọn ọmọ fi ń rìn. Afárá yẹn ò sì ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń já bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn tó dàgbà lára àwọn ọmọ náà di àwọn kékeré lọ́wọ́ mú, wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ afárá, wọ́n dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, wọ́n á tún rìn díẹ̀. Oníbéèrè dá mi mọ̀. Mo fún un lórúkọ yẹn torí láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn títí dé ilé-ìwé, ẹnu ọmọbìnrin yẹn kì í dúró.

Ó ní, "Bàbá bọ́ọ̀sì, Arúgbó dà?"

Mo ní wọ́n sọ pé ẹ ò pọ̀ tó.

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Àwa yìí?"

Mo kà wọ́n. Mẹ́tàlélógójì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Mo padà sí ọ́fíìsì. Mo bi akọ̀wé pé ọmọ mélòó ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó ń wọ bọ́ọ̀sì. Ó yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Mọ́kànlá. Mo ní ta ló kà á? Ó ní òun ò mọ̀, inú fáìlì ló ti wá. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí fáìlì yẹn. Ó ní àfi kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀, ní ìdúró. Ọmọ dáadáa ni, ó fún mi ní bírò.

Mọ́kànlá! Ẹni tó kà á, ojú ló ń dùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Méjìlélógójì. Òtútù ń mú ọ̀kan, Oníbéèrè ló sọ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Ọmọ mi pè. Oṣù kẹjọ lòun àti ìyàwó rẹ̀ kó padà wá láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni ilé wọn sí tèmi. Ẹ̀ẹ̀kan ló tíì wá látìgbà tí a sin ìyá rẹ̀, ọjọ́ náà ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́.

Lórí fóònù ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé síta. "Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ẹ ti jẹun?" Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé wa. Iṣẹ́ ọ̀hún ò tíì dúró. Alága ìgbìmọ̀ ló máa buwọ́ lù ú lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ kiri pé bàbá ọkọ tíṣà tuntun ń yọ ìgbìmọ̀ lẹ́nu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ yín mọ́."

Mo ní àwọn ọmọ ń rìn lórí afárá. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa sinmi, Bàbá." Ó pa fóònù.

Ọ̀rẹ́ ni mo máa ń pe ìyá rẹ̀. Tí ó bá wà láyé, òun ni ìbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, yóò fi ẹ̀rín tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ọwọ́ tèmi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Ojú tì mí lónìí.

Mo wà lórí afárá, mo ń kà. Obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà pupa sin ọmọ rẹ̀ wá, ó tẹjú mọ́ mi. "Bàbá, kí lẹ ń wá níbí láràárọ̀?" Mo ní mo ń ka àwọn ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi, mo gbọ́ bó ṣe dún létí rẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀. "Ẹ ń ka ọmọ ọlọ́mọ. Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Àwọn ìyá méjì mìíràn dúró tì í. Kò pẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé rán ọlọ́dẹ sí mi, ọkùnrin tí a ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ. Kò lè wo ojú mi. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé."

Nígbà tí Onísúwẹ́tà yẹn wà lọ́mọdé, ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé e lọ sí ilé-ìwé. Ìjókòó kejì, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó gbàgbé. Tàbí ó rántí, ẹ̀rù sì ṣì bà á. Mi ò lè bá a wí. Ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìpàdé ìgbìmọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kóòtù tí mo fi ṣe ìsìnkú ni mo wọ̀, òun nìkan ló ṣì bá mi mu.

Alága kúrú, ó mọ aṣọ wọ̀, ẹnu rẹ̀ dùn. Ẹ-Jẹ́-Ká-Tẹ̀síwájú ni mo sọ ọ́, torí bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, ohun tó máa sọ nìyẹn. Mo gba máìkì. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ìdí tí koríko fi ṣe pàtàkì ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ la tẹ̀ lé. Ọmọ mọ́kànlá. A ò lè ra epo sí bọ́ọ̀sì ńlá torí ọmọ mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú."

Mo ní irọ́ lákọsílẹ̀ yẹn. Mo wí i ketekete. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ kò ní àánú lójú, ó yẹ kó wá dúró níwájú wa kó sọ bó ṣe kà á. Ìyàwó ọmọ mi wà lára àwọn tíṣà, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kẹtàlélógún ni wọn yóò buwọ́ lu iṣẹ́ pápá náà.

Bí wọ́n ṣe ṣe tán, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn. Mo bọ́ síta gba àárín wọn, kò sẹ́ni tí èjìká rẹ̀ kàn mí. Wọ́n ti yà fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo gbá ilé. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀rẹ́, mo pa á dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ogún

Akọ̀wé pè mí: fáìlì ti dé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré.

Ó gbé e síwájú mi. Fọ́ọ̀mù ni, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí dírẹ́bà máa ń kọ iye ọmọ sí, tó sì máa ń fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Táàmù tó kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá. Mọ́kànlá, mọ́kànlá, mọ́kànlá, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ bú ẹni tó kọ ọ́. Mo wá rí i bí ẹni náà ṣe fa ìrù nọ́ńbà 1 gùn. Mo rí ìbuwọ́lù. Tèmi ni.

Mo jókòó. Rárá, akọ̀wé ló fa àga fún mi. "Ẹ jókòó, Bàbá." Ó ti mọ̀ kí n tó dé.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù yẹn, odò kún, ọmọ mọ́kànlá péré ló jáde ní tòótọ́. Mo kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Ọ̀rẹ́ dúró sí ọsibítù. Bí mo bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbà lọ. Ọjọ́ Ẹtì á dé, mi ò rántí ẹni tó wọlé, ẹni tí kò wọlé. Mo ń wo fọ́ọ̀mù ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè.

Mo ti gbàgbé. Ọlọ́run ló mọ̀, mo ti gbàgbé pátápátá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lè dákẹ́. Akọ̀wé ò ní sọ. Mo lè máa pariwo pé irọ́ ni, kí n má sọ irọ́ ẹni tó jẹ́.

Àwọn náà jẹ̀bi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rìn dé afárá kó fi ojú ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún wọn ní ìwé tí wọ́n gbára lé. Òótọ́ ni méjèèjì, méjèèjì ò sì jẹ́ kí n jẹun.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan kí n tó sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Mo wo fóònù títí. Kò sí nọ́ńbà tí mo lè tẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti sọ ọ́.

Gbọ̀ngàn kún. Ọmọ mi wà lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé yóò wá. Alága rí mi, ó mí kanlẹ̀. Mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kí ẹni tó kọ mọ́kànlá wá dúró níwájú wa. Èmi ni." Mo gbé ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí akọ̀wé fún mi sókè. Mo sọ ti odò tó kún. Mo sọ ti ọsibítù: àga onírin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bí mo ṣe ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu, bí mo ṣe ń sá padà lọ kó àwọn ọmọ lọ́sàn-án. Mi ò fẹ́ sọ tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń jáde. Mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi sí ẹ̀bi náà, kí wọ́n má fi sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo bàbá onírọ́!" Alága ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká—" Onísúwẹ́tà ti dìde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. "Alága, bàbá ti sọ tiẹ̀. Ta ló lọ kà wọ́n nínú ẹ̀yin? Ẹyọ ẹnì kan. Kó na ọwọ́."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Wọn ò buwọ́ lu pápá lónìí.

Èmi nìkan ni mo rìn délé. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mọ́tò ọmọ mi ti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n ọjọ́

Akọ̀wé ló fún mi ní ìròyìn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì lọ dúró sórí afárá fún ọjọ́ mẹ́ta. Mẹ́rìnlélógójì ni wọ́n kà. Bọ́ọ̀sì ń padà lọ́jọ́ Ajé, dírẹ́bà tuntun ni yóò wà á. Pápá di ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ ìyàwó ọmọ mi, wọ́n ti buwọ́ lù ú.

Lẹ́tà kan wà fún èmi náà. Wọ́n bá mi wí, wọ́n sì ti yọ fọ́tò mi kúrò lára àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì. Mo ní kí akọ̀wé fún mi ní fọ́tò náà. Ó ti fi ìwé wé e sílẹ̀ dè mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá

Ọmọ mi wá. Kò pè kí ó tó wá. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni. Ó wọlé, ó jókòó, ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì.

Ó ní, "Bàbá, ojoojúmọ́ ni ẹ ń lọ sí ọsibítù?"

"Ojoojúmọ́."

"Ẹ ń sọ fún mi pé ara Màmá ń yá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá pè. Ara ń yá, ara ń yá. Bí mo ṣe dé, wọ́n ti gbé wọn sí mọ́ṣúárì."

Mo ní ìyá rẹ ló ní kí n má kó ọ láyà sókè, ó ní o ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní inú gbọ̀ngàn, láàárín àwọn àjèjì, lòun ti gbọ́ bí ìyá òun ṣe ń mu omi. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mo sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Bí ó ṣe ń fi nọ́ọ̀sì ṣe ẹlẹ́yà. Orin tó máa ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an. Nígbà tí ó dìde, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí n sọ ìyókù.

Ìyókù. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kan ṣáájú ikú rẹ̀, Ọ̀rẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Pe ọmọ wa. Jẹ́ kó wá." Fóònù wà nínú àpò mi. Ẹ̀rù bà mí. Lójú mi, tí mo bá pè é, mo ti gbà nìyẹn pé Ọ̀rẹ́ ń lọ. Mo ní, "Ó di ọ̀la." Ó ní, "Ó dáa."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi èmi. Kò sí nínú fáìlì kankan.

Màá sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ Àìkú, kí ó tó jókòó.