Bọ́ọ̀lù tí Àjàyí fi sílẹ̀ fún mi

Ìjerò, ọjọ́ Ẹtì, oṣù kẹsàn-án, 1966

Lẹ́tà dé láti Èkó lónìí. Wọ́n tún mú mi fún ìdíje bádímíńtìnì ti òkè òkun, àmọ́ wọ́n yọ Àjàyí tí a jọ máa ń dúró sápá kan àwọ̀n, tí àwa méjèèjì jọ ń gbá a. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni.

Àjàyí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sáré gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ tó yẹ kí n gbá ní pápá ilé ìwé wa níbí, èmi ni mo bá a wí: “Ṣé o ò mọ̀ pé mo jù ọ́ lọ ni?” Láti ọjọ́ náà, èyíkéyìí tó bá bọ́ sáàárín wa, ó ń fi í sílẹ̀ fún mi. Ní ìdíje tí a lọ ní Gánà, èyí tó kẹ́yìn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú mi ló ń wò títí tó fi balẹ̀. Bí a ṣe pàdánù nìyẹn.

Ó wọkọ̀ wá láti Òkè-Ìmẹ̀sí nírọ̀lẹ́ yìí, ó dá rákẹ́ẹ̀tì tí mo yá a padà. Ó ti nù ún mọ́ tónítóní. Ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo kó ìtìjú bá yín.”

Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo la ẹnu, mo ní kó dìde, pé mo ti dárí jì í.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.