Yaw Ata Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án 2019

"Láti òní lọ, a kò ní fi àbá ṣe ìpinnu kankan mọ́ nílé iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ yóò rí i, ẹ̀rọ yóò kà á, a óò sì pinnu láìsí àṣìṣe." Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Ofosuhene, mánéjà ihò wúrà wa, wí ní gbọ̀ngàn ìlú lónìí, ó gbọ́wọ́ lé àyà bí ẹni ń búra. Wọ́n pe àwa àgbà wá jẹ́rìí. Mo pàtẹ́wọ́, ìrẹsì pẹ̀lú adìyẹ wà nílẹ̀.

Mo ti sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ: Arínúróde. Ó ń ka káàdì ẹni tó wọ ihò àti ti ẹni tó jáde. Dókítà á jókòó sí ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà á sọ ẹni tó kù nísàlẹ̀ fún un. Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ayé mi pe orúkọ ní kíláàsì mọ̀ pé ẹni tó dáhùn "mo wà" lè má sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5

Arínúróde ti mú iwin. Ó rí òṣìṣẹ́ méjì: orúkọ kan, bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan. Dókítà pinnu lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan ló ń jẹun lẹ́nu méjì, tó ń gba owó oṣù ẹni méjì. Ó ní kí wọ́n sọ wọ́n di ọ̀kan.

Iwin wo? Àwọn ọmọ Maame Afrakoma, ará ilé kejì. Ìbejì! Ọjọ́bọ̀ la bí wọn, nítorí náà Yaw ni àwọn méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n, nítorí náà Ata ni àwọn méjèèjì. Panyin fún ẹ̀gbọ́n, Kakra fún àbúrò, ohun tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyẹn. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ò kọ ọ́. Ẹ̀yà Akan bíi tiwa ni òun náà o! Ó ní òun ò lè kó orúkọ ẹ̀yìnkùlé sínú kọ̀ǹpútà.

Káàdì méjì, Yaw Ata kan. Kakra rẹ́rìn-ín títí: "Tíṣà, ó ku kí wọ́n fún wa ní ìyàwó kan." Panyin ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ rojọ́. Wọ́n ní kó lọ mú ara rẹ̀ kejì wá. Kakra sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 7

Òjò. Orúnkún ń ro mí. Maame Afrakoma gbé ọbẹ̀ kontomire wá. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ìṣẹ́gun, 10



Ibà mú Panyin nínú ihò láàárọ̀. Ó jáde, ó fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ó wá dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀. Kakra dúró láti parí iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Lọ́sàn-án, fèrè ké — èyí tí wọ́n ń fun kí àdó tó fọ́ àpáta. Panyin fò dìde: "Kakra ò tíì jáde!"

A sáré. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pe Dókítà, ohùn rẹ̀ jáde lórí fóònù ketekete: "Ihò ti ṣófo. Yaw Ata ti jáde, mo ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà. Àbí ìwọ ò rí i ni?"

Ẹ̀ṣọ́ wo Panyin látòkèdélẹ̀. "Mo rí i, sà. Ó dúró níwájú mi."

Mo ń kígbe, "Ìbejì ni! Ìbejì ni!" Fóònù ti kú.

Ilẹ̀ mì.

Ọjọ́rú, 11

Àpò ìrẹsì ni wọ́n fi kó o wá. A bẹ ìyá pé kó má tú u. Ó tú u. Ó mọ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. N kò lè kọ ìyókù.

Ọjọ́bọ̀, 12

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú dáná sun ọ́fíìsì ilé iṣẹ́. Wọ́n lu ẹ̀ṣọ́ yẹn títí eyín rẹ̀ fi dà sílẹ̀. Panyin bá Dókítà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ—" Ṣọ́bìrì bá a lójú. Ojú ọ̀tún ti fọ́. Mo rí i, inú mi sì dùn. Kí ìwé yìí mọ̀.

Sójà dé. Wọ́n yìnbọn. Ẹni méjì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, wọn ò dìde mọ́. Ìdí ìbọn fọ́ ọwọ́ mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ wúruwùru yìí.

Àìkú, 15

A sin Kakra lánàá. Ilé iṣẹ́ lẹ ìkéde mọ́ ara géètì: kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó kú nínú ihò. Ọ́fíìsì jóná, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Accra ni Arínúróde ń gbé, níbẹ̀ Yaw Ata ti jáde láàyè.

Ajé, 16

Ọlọ́pàá kún ojúde wa láàárọ̀. Ọ̀gá wọn ka orúkọ lórí fóònù: Yaw Ata, òṣìṣẹ́ ihò, ó fọ́ mánéjà lójú. Ilé iṣẹ́ ló fi àwòrán ránṣẹ́. Mo yọjú wò ó. Àwòrán náà ń rẹ́rìn-ín. Kakra ni.

Panyin wà nínú yàrá. Maame Afrakoma dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ pupa, ó na ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn.

"Maame, ẹ kúrò lọ́nà."

"Màá kúrò, ọmọ mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹyọ kan ni mo bí. Mo ti sin ín. Yaw Ata wo lẹ wá mú?"