Orúkọ Tí Bàbá Kò Fẹ́ Pè

                                        Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Ìta-Ọjà,
                                        Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ.
                                        9 Oṣù Kẹfà, 1983.

Adétóun, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kánò? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ooru yín lọ́hùn-ún ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ara wa le níbí, àfi orúnkún bàbá mi tó ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Ìdíátù, ìyàwó Olúdọ̀tun àbúrò mi, ti bímọ obìnrin o! Ẹ̀jẹ̀ tó dà lára rẹ̀ kọjá sísọ. Màmá rẹ̀, Màmá Wúlẹ̀mọ̀tù ará Makun, kò kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí ewu fi kọjá. Lọ́jọ́ ìkómọ, tí àwọn àgbà ń sọ owó sínú omi tí wọ́n ń fún ọmọ lórúkọ, ó kan Màmá, wọ́n ní Àlàáfíà. Háà! Bàbá mi gbé abọ́ omi kúrò níwájú wọn! Bàbá ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àti pé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kò lè di orúkọ nílé ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ojú tì mí, Adétóun. Màmá rọra dìde, wọ́n lọ. Ìdíátù wá ní bí a kò bá gba orúkọ tí ìyá òun mú wá, òun á pọn ọmọ òun tẹ̀lé wọn. Olúdọ̀tun kò lè jẹun mọ́.

Mo rántí ohun tí o sọ fún mi nígbà Kérésì, pé “lafiya” làwọn Haúsá fi ń bèèrè ara líle. Mo bi olùkọ́ Lárúbáwá ilé-ìwé wa. Ó ní ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí Ọlọ́run mú àìsàn àti ewu kúrò lórí ẹni. Àwọn tó ń sọ Swàhílì náà ń pè é ní “afya”. Àwa Yorùbá la wá fẹ̀ ẹ́ dé ìrẹ́pọ̀ láàárín èèyàn. Mo rò ó fún Bàbá, wọ́n ní kí n má fi ìwé pa àwọn. Inú bí mi. Mo ní, “Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń fi àlàáfíà ṣàdúrà fún wa láràárọ̀? Ìyá yìí ń dúpẹ́ pé ọmọ òun kò kú ni.”

Lánàá ni Bàbá ní kí n mú àwọn dé ọ̀dọ̀ Màmá ní Makun. A kanlẹ̀kùn. Màmá bèèrè látinú ilé pé ta nìyẹn. Bàbá wo ojú mi, wọ́n húkọ́, wọ́n ní, “Bàbá bàbá Àlàáfíà ni.”

“Mi ò gbọ́ o!”

Bàbá tún un pè, àwọn ará àdúgbò yọjú. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀ ni,
                                        Morónkẹ́ Ṣóbọ̀wálé