Ìjì Ń Bọ̀, Màmá Káyọ̀dé Ní It Is Well

Ẹ kú ilé o, Màmá Àgbà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Thamesmead nílùú òyìnbó níbí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi náà tí wọ́n ń ka ìwé yìí sí yín létí. Tí mo bá ṣi àmì ohùn sí, kí wọ́n bá mi tún un ṣe, kí wọ́n má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré lọ́dọ̀ yín ní Ìkirè, tí òjò bá ṣú, màá bi yín pé tí atẹ́gùn bá ṣí òrùlé wa lọ ńkọ́. Ẹ ó gbá mi lẹ́nu pẹ́, ẹ ó ní kò ní ṣí i. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn ìbéèrè ni. Oṣù yìí ló tó yé mi, nígbà tí ìyá kan já fóònù mọ́ mi létí: lójú yín, ẹni tó ń dárúkọ ibi, ó ń pè é wá ni. Iṣẹ́ tí mo sì ń gbowó oṣù lé lórí nìyẹn, Màmá. Mò ń bi àwọn èèyàn pé tí ó bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́.

Iléeṣẹ́ tó ń bójú tó wáyà iná ládùúgbò wa ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Kí ìgbà ìjì tó dé, a ti ń gé ẹ̀ka igi tó fẹ́ kan wáyà. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wáyà wà níbí, nítorí náà omi la ń bẹ̀rù jù, torí orí àbàtà ni wọ́n kọ́ Thamesmead sí, odò sì wà lẹ́yìn ilé. A máa ń lọ wo ilé tíránsífọ́mà kọ̀ọ̀kan bóyá omi lè wọ ibẹ̀. A ń tan jẹnẹrétọ̀ wò. Ó tóbi tó yàrá yín, ọkọ̀ ló ń fà á. Wọ́n tún máa ń sọ ìjì lórúkọ bí ọmọ tuntun. Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè ẹni tó gbé e jó.

Iná kì í sábà lọ níbí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le. Wọn kò ní láńtánì, wọn kò mọ ibi tí ìṣáná wà. Lọ́dọ̀ yín, tí iná bá lọ, ẹ ó tẹ́ ẹní síta, aládùúgbò á wá jókòó. Níbí, oníkálukú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tiẹ̀. Nígbà míràn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń pa iná yàrá mi, mo kàn ń jókòó, kó lè dà bí ọ̀dọ̀ yín. Kì í jọ ọ́. Tí mo bá tún tan án, kò sẹ́ni tó máa hó yèè.

Màmá Káyọ̀dé ni ìyá tó já fóònù. Òkè pátápátá nínú ilé gíga kan ni wọ́n ń gbé, ẹ̀rọ tó ń lo iná ló ń bá wọn mí. A ní bátìrì ńlá tí a lè gbé fún irú wọn kí ìjì tó dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pè, wọ́n bi Màmá Káyọ̀dé pé tí iná bá lọ, ṣé nǹkan míì wà tí ẹ̀rọ náà lè lò. Màmá ní, It is well. Wọ́n tún bi wọ́n, màmá tún ní, It is well. Inú àwọn òyìnbó dùn, wọ́n ní a jẹ́ pé nǹkan ti wà nílẹ̀ nìyẹn, wọ́n bá kọjá sí ẹlòmíràn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àdúrà ni màmá ń gbà.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ Yorùbá. Mo ti ń tún un kọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá mi rí i. Mo túmọ̀ ìbéèrè tí ọ́fíìsì kọ sílẹ̀ nípa iná tó lè lọ bó ṣe wà: mo bi màmá pé ṣé wọ́n ti múra tán láti wọ òkùnkùn. Màmá bi mí pé ọmọ ta ni mí, ta ló rán mi sáwọn láàárọ̀ kùtù. Mo ní ọ̀gá mi ni. Wọ́n ní kí òkùnkùn náà padà sórí ẹni tó rán mi, àtòun àtará ilé ẹ̀, wọ́n sì já fóònù. Ọ̀gá mi jókòó níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó na àtàǹpàkò sókè, kò mọ ohun tó ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Mo pe Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọ wọn tó wà ní Belvedere nítòsí wa níbí. Ó ní òun ti bẹ màmá títí kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ òun, àmọ́ màmá ní báwọn bá kẹ́rù kúrò nílé, àwọn ti gbà fún ìjì nìyẹn. Bátìrì náà ńkọ́? Ó ní màmá ní kò gbọdọ̀ wọlé àwọn. Dádì ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé mo ti ṣe ìwọ̀nba tí wọ́n rán mi. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà, tí iná ilé yẹn bá lọ, kí jẹnẹrétọ̀ wa tó débẹ̀, ó lè ti pẹ́ jù. Ẹ wò ó, mo tún ti sọ ọ́. Kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ìjì àkọ́kọ́ ọdún yìí kò tíì dé, àmọ́ oṣù rẹ̀ ti wọlé. Mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn wọn fúnra mi, tèmi ti bátìrì.

Ẹ bá mi kí Ìyá Ṣadé, ẹ kí àwọn ọmọ ilé, ẹ kí gbogbo ẹni tó ń béèrè mi. Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí n tún jẹ dòdò Ìkirè lọ́wọ́ yín láìpẹ́. Ẹ̀yin míì tí ìwé yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá sí i. Màmá Àgbà, tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà yín ni ọmọ kan dúró sí pẹ̀lú nǹkan wúwo lọ́wọ́, kí ló máa kọ́kọ́ sọ tí ẹ ó fi ní kó wọlé?

Ọmọ yín,
Mojísọ́lá