Ìkúnlẹ̀ Àná

Ìyá Bọ́sẹ̀,

Mi ò jí ẹ, torí ìdájí ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ lọ. Mo gbọ́ nígbà tí ò ń sunkún sínú ìrọ̀rí. Oògùn ìrora rèé lábẹ́ ìwé yìí. Mu ẹ̀kọ ná kí o tó lo ẹyọ kan, má sì dúró dìgbà tí ìrora bá gbé ẹ sánlẹ̀. Omi dídì wà nínú fúláàsì. Fi aṣọ wé e kí o tó gbé e lé orúnkún.

Èmi ni mo fà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọlé lánàá tí o ṣì jókòó, mo fojú bá ẹ wí, kí wọ́n má baà ní ìyàwó mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Orúnkún tí dókítà pààrọ̀ kò tíì pé oṣù kan, o sì fi kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra wọn ló pariwo: "Dìde jàre! Ta ló ní kó o kúnlẹ̀?" O wò mí. Mi ò jẹ́wọ́ pé èmi ni.

Àgbékẹ́, ẹni yòówù tó bá wọlé kí n tó dé, jókòó, bó jẹ́ ọba. Mò ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Pópó Yemọja, mo fẹ́ lọ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi ẹ́ lánàá.

Bàbá Bọ́sẹ̀