Bí Mo Ṣe To Bọ́tìnnì Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní tirẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ rí, ó ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, ó sì dúró lẹ́yìn mi kó lè rí i pé mo kọ ọ́. Iṣẹ́ tí o fi ń la ọmọ ọlọ́mọ lójú, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó fọ́ ọ lójú.

Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹ jọ ń gbé ló máa ń gbé e. Ó ní o kò sí nítòsí, kí n tún pè tó bá yá. Mo kí i, mo kí ilé rẹ̀, mo bi í bóyá ara rẹ dá, gbólóhùn kan náà ló tún sọ. Ó dà bíi pé iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí láti ìgbà òjò ló ti ń dá mi lóhùn, kò kanra rí. Ìyá rẹ ní bí òun bá pè, ìwọ fúnra rẹ lo máa ń gbé e. Mo ní oríire tirẹ̀ nìyẹn.

Ìròyìn ilé ni pé wọ́n ti kó kọ̀ǹpútà wá sí ilé ìwé wa. Ọ̀gá ilé ìwé tó gba ipò mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ilé mi ti kan ògiri ilé ìwé, kí n máa ṣí i láàárọ̀, kí n sì máa nu eruku. Tíṣà tó ń kọ́ wọn kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, kì í gbé pàṣán, ó ní àfi kí ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kó tó lè mọ̀ ọ́n lò. Mo wò ó. Ẹ̀rọ náà kì í mọ ojú èèyàn. Láràárọ̀ ni yóò béèrè ẹni tí o jẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo nu ojú rẹ̀ lánàá. Bí o bá sì dákẹ́ síwájú rẹ̀ díẹ̀, yóò sùn lọ. Mo ti ní akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà. Mo rí i pé ẹni tó to lẹ́tà síbẹ̀ kò kàwé rárá. Lẹ́tà A wà ní kọ̀rọ̀, B ti sá lọ sísàlẹ̀, Q tí èdè wa kò tilẹ̀ lò ló wá jókòó sípò aṣáájú! Mo ní irú èyí ló ń ba orí ọmọ jẹ́. Mo mú ẹ̀yìn ṣíbí, mo yọ àwọn bọ́tìnnì náà, mo tò wọ́n láti A dé Z, mo ṣe gbogbo kíbọ́ọ̀dù yàrá náà bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń súfèé lọ sílé.

Ní ọjọ́ Ajé, ariwo ta. Ọmọ tó ní kóun tẹ orúkọ ara rẹ̀, ohun tó jáde jọ orúkọ oògùn òyìnbó. Tíṣà béèrè ẹni tó tú bọ́tìnnì. Gbogbo kíláàsì na ìka sí ọmọbìnrin káfíńtà, Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí òun ló máa ń tú nǹkan wò. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní òun kọ́. Wọ́n ní irọ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé ibì kan bí ọwọ́ ọ̀bọ. Ọ̀gá ní kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà mọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo dákẹ́. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Pàṣán, báwo ni yóò ṣe ní òun lòun bà á jẹ́?

Ẹkún ọmọ yẹn ló rán mi létí rédíò mi tí o tú nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹrin. Mo nà ọ́, mo sọ ọ́ ní Abànǹkanjẹ́ lójú àwọn olùkọ́ rẹ, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọ títí o fi jáde níbẹ̀. Ìyá rẹ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé rédíò ọ̀hún ti dákẹ́ kí o tó fọwọ́ kàn án, o fẹ́ bá mi tún un ṣe ni. Mo gbọ́, n kò sì bẹ̀ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá wọn níbi tí àwọn ọmọ ń tò sí kí wọ́n tó wọlé, mo ní èmi ni, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, àyè tí bọ́tìnnì wà ni ẹ̀rọ mọ̀, kì í ka ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀. Ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n lọ gé pàṣán wá. Mo rò ó, mo rí i pé kò jẹ̀bi. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ padà wọlé. Káfíńtà kò bá mi jà, ó kàn ní ẹ̀yin náà lẹ kọ́ èmi pé kí n máa sọ òtítọ́ lásìkò. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Tíṣà ní ìyà mi ni pé kí n wá jókòó kí n kọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni àyè wà. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti tán, Bàbá, ṣùgbọ́n ó kọ èjìká sí mi. Lánàá, mo ń wá lẹ́tà kan, n kò rí i. Láìwo ojú mi, ó mú ìka mi, ó gbé e lé e. Ó bi mí pé orúkọ ta ni mo ń tẹ̀. Mo ní orúkọ ọmọ mi ni, tíṣà kọ̀ǹpútà ni, mo nà án rí nítorí rédíò. Ó ní ṣé ẹ bẹ ọmọ yín náà?

Ìdí nìyí tí mo fi mú bíìrò. Mo bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. O kò ba nǹkan kan jẹ́.

Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún awò ojú mi, nítorí ẹni tó ń kọ́ nǹkan tuntun gbọ́dọ̀ ríran. Bí kò bá sí, má yá owó. Rédíò náà ṣì wà lórí pẹpẹ, n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni tún ṣe. Bí o bá ń bọ̀, mú sukudiráfà dání, èmi yóò bá ọ tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

Ohun tí o bá tú, wàá tò ó. Ọ̀nà tí o bá là, àwọn ọmọ yóò gbà á kọjá. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ẹ̀san mi kò sì ní jẹ́ ìdákẹ́ lọ́dọ̀ rẹ.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Bá mi kí obìnrin tó ń gbé fóònù rẹ. Sọ fún un pé màá tún pè lọ́jọ́ Àìkú, bó bá ṣeé ṣe, kó gbé e fún ọ.